Wọ́n ní nítorí ire ará ìlú ni wọ́n ṣe wọ́gi lé kọ́ńtíráàtì. Ta ló wá san owó ẹ̀?

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí. Gbogbo ìgbà tí ìjọba tuntun bá wọlé, kì í pẹ́ tí a fi ń gbọ́ ọ: "Ìjọba ti wọ́gi lé kọ́ńtíráàtì báyìí báyìí, nítorí ire ará ìlú." Àwa náà á pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíì á kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ọ̀gá wa, ẹ ṣeun!" Èmi kì í tètè pàtẹ́wọ́ mọ́. Ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi: ta ló máa san owó ẹ̀?

2/ Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Fídíò ni mò ń ṣe, nípa bí owó ìjọba ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde, kí àwa ọ̀dọ́ lè lóye ẹ̀ ní èdè wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ́ńtíráàtì tí ìjọba wọ́gi lé yìí ti wọ ilé wa rí, kò sì tètè jáde. Màá débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí agbára yìí jẹ́.

3/ Tí èmi àti ìwọ bá tọwọ́ bọ̀wé pé wàá kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún mi, mi ò lè jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kí n ní ó ti sú mi. Kóòtù ni wàá gbé mi lọ. Ìjọba yàtọ̀ díẹ̀. Ká ní ó ti fọwọ́ sí i pé kí iléeṣẹ́ kan máa wa kùsà ní abúlé kan, tí wọ́n wá rí i pé iṣẹ́ náà ń ba omi mímu àwọn ará abúlé jẹ́ ńkọ́? Ṣé kí ìjọba máa wò wọ́n níran nítorí pé ó ti tọwọ́ bọ̀wé? Rárá. Ìdí nìyẹn tí agbára láti fagi lé àdéhùn fi wà.

4/ Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ará Sweden kan ní ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Amphitrite. Àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí fún wọn pé tí ọkọ̀ náà bá kó irú ẹrù tí àwọn fọwọ́ sí wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ò ní dá a dúró. Ìgbà àkọ́kọ́, ó lọ, ó bọ̀. Ìgbà kejì, wọ́n mú ọkọ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ni ín pe ìjọba lẹ́jọ́.

5/ Lọ́dún 1921, adájọ́ sọ pé ìjọba ò lè fi àdéhùn so ara ẹ̀ lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ tó kan ire orílẹ̀-èdè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí. Àmọ́ adájọ́ yẹn kan náà sọ pé tó bá jẹ́ àdéhùn òwò, ìjọba lè tọwọ́ bọ̀ ọ́ bíi ti ẹnikẹ́ni, tó bá sì yẹ̀ ẹ́, kó sanwó. Apá kejì ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú, nítorí òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà lára ohun tí a kọ́ òfin tiwa lé lórí.

6/ Ní Faransé, òfin tiẹ̀ gbà kí ìjọba fagi lé kọ́ńtíráàtì nítorí ire ará ìlú kódà tí agbaṣẹ́ṣe ò ṣẹ̀ sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n owó gbà-máà-bínú ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀: ohun tí agbaṣẹ́ṣe ti ná, àti èrè tó yẹ kó jẹ. Ṣé ẹ rí i? Agbára wà, ìwé owó sì wà lára ẹ̀.

7/ Kódà, ó wà nínú iṣẹ́ tèmi. Lọ́dún tó kọjá, iléeṣẹ́ kan ní kí n ṣe fídíò mẹ́fà fún àwọn. Mo ti ṣe méjì tán nígbà tí wọ́n ní ó tó, pé ọ̀gá tuntun ti dé, ètò ti yí. Ó dùn mí, àmọ́ mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wà nínú ìwé tí a jọ fọwọ́ sí pé wọ́n lè dá iṣẹ́ dúró nígbàkúgbà, tí wọ́n bá ti san owó èyí tí mo ti ṣe, kí wọ́n sì fi owó fídíò kan lé e. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, owó wọlé. Iná tí mo fi ń ya fídíò báyìí, owó yẹn ni.

8/ Nítorí náà, mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má yẹ àdéhùn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a mọ iye tó máa jẹ́, kí a mọ ẹni tó máa san án, kí a sì mọ ohun tó máa rọ́pò iṣẹ́ náà. Tí a ò bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, "ire ará ìlú" ti di ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pa wá lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Èkó.

9/ Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ tíréènì Blue Line láti Marina dé Mile 2, ṣé ẹ mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn òbí wa ti wọ irú ẹ̀ nígbà tí wọ́n wà léwe? Lateef Jakande, tó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, ló gbé ètò Metroline dìde. Àwọn iléeṣẹ́ Faransé tó para pọ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Owó ti jáde, iṣẹ́ ti fẹ́ gbéra.

10/ Ní December 31, 1983, àwọn sójà gbàjọba. Ọ̀gágun Muhammadu Buhari di olórí. Nígbà tó di 1985, ìjọba ẹ̀ fagi lé Metroline. Ohun tí àwọn tó kọ ìtàn ẹ̀ sábà máa ń kọ ni pé owó tí Èkó pàdánù sórí ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe owó tí a fi ra tíréènì o. Owó tí a fi ra àìní tíréènì ni.

11/ Ẹ jẹ́ ká ṣe òótọ́: nǹkan le nígbà yẹn. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, gbèsè ti pọ̀ lọ́rùn orílẹ̀-èdè. Tó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n gbé ìwé náà síwájú ẹ̀, ìwọ náà lè ní, "Ṣé tíréènì ló kàn báyìí?" Ìdí wà. Ohun tí kò sí ni ìṣirò apá kejì: tí a ò bá ṣe é, èló ló máa ná wa? Ìjọba sójà ò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

12/ Ẹ wo ìṣirò náà. 1985, wọ́n wọ́gi lé e. 2009 ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí Blue Line. January 24, 2023, ààrẹ wá sí Èkó wá ṣí i. Ta ni ààrẹ ọ̀hún? Muhammadu Buhari. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni! September 4, 2023 ni èrò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Kìlómítà 13, ibùdókọ̀ márùn-ún. Láti 1985 sí 2023, ọdún 38. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n wọ́gi lé Metroline ti lè bí ọmọ tó wà ní yunifásítì kó tó rí tíréènì yìí wọ̀.

13/ Láàárín ọdún 38 yẹn, kí làwọn èèyàn ń wọ̀? Mólúè. Dánfó. Àǹtí mi kan ṣiṣẹ́ ní Marina nígbà náà. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí, nígbà tó bá padà dé, àwọn ọmọ ẹ̀ ti sùn. Nígbà tí mo wọ Blue Line lọ́jọ́sí, mi ò tíì gbọ́ orin márùn-ún tán tí mo fi dé. Mo kàn jókòó, mò ń ronú nípa Àǹtí. Àwọn wákàtí ẹ̀ yẹn ò sí nínú mílíọ̀nù 78 dọ́là.

14/ Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé wa. Bàbá mi ní típà kan, yanrìn àti òkúta ló fi ń kó. Nígbà tí mo wà ní 200 level, agbaṣẹ́ṣe kan gba iṣẹ́ gọ́tà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó ní kí bàbá mi máa kó òkúta wá, pé tí ìjọba bá ti sanwó fóun, òun náà á sanwó. Típà mẹ́rìnlá ni bàbá mi kó lọ sídìí gọ́tà yẹn láwìn. Ó kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé iléèwé mi kan tí mi ò lò tán.

15/ Ìdìbò dé. Alága tuntun wọlé. Kò tó oṣù méjì, wọ́n kà á lórí rédíò pé ìjọba ìbílẹ̀ ti wọ́gi lé gbogbo kọ́ńtíráàtì tí alága àná gbé jáde, nítorí ire ará ìlú. Pálọ̀ ni a jọ wà tí a ti gbọ́ ọ. Ẹ̀wà ni mọ́mì mi ń ṣà lọ́wọ́. Ó dáwọ́ dúró, ó ní, "Ṣé àwa kì í ṣe ará ìlú ni?"

16/ Ẹ má tíì máa gbèjà wa o. Bàbá mi fúnra ẹ̀ sọ pé owó tí wọ́n kọ sórí gọ́tà yẹn pọ̀ jù. Ó mọ iye òkúta, ó mọ iye sìmẹ́ǹtì, iṣẹ́ ẹ̀ ni. Ó ní tó bá jẹ́ òun ni alága, òun náà á ní kí wọ́n gbé ìwé náà wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó bí i nínú ni pé ẹnikẹ́ni ò yẹ nǹkan kan wò. Kò sẹ́ni tó wá wọn gọ́tà. Kò sẹ́ni tó béèrè pé òkúta ta lèyí. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fà lé gbogbo ẹ̀ lórí, ti ole àti ti ẹni tó ṣiṣẹ́.

17/ Agbaṣẹ́ṣe lè lọ sí kóòtù, orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé. Bàbá mi ò sí nínú ìwé kankan àfi èyí tó kọ fúnra ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bíríkìlà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tó ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn lébìrà. Nígbà tí mo wọ 300 level, bàbá mi ta típà. Owó iléèwé mi ló kọ́kọ́ yọ nínú ẹ̀. Ó wá lọ ń wa típà ẹlòmíì.

18/ Gọ́tà ńkọ́? Ọdún méjì gbáko ló fi la ẹnu sílẹ̀. Tí òjò bá ti rọ̀, omi á wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó wà lẹ́bàá ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún gbé iṣẹ́ náà jáde, ẹlòmíì ni wọ́n gbé e fún. Òkúta bàbá mi ni ẹni yẹn bá nílẹ̀, òun ló sì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Lóòótọ́ ni. Àmọ́ ẹ bi àwọn tó pọn omi àti àwọn tó gbé igi wá.

19/ Ṣé mò ń sọ pé kí ìjọba má wọ́gi lé nǹkan kan ni? Rárá o! Ẹ rántí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Lọ́dún 2009, ìjọba àpapọ̀ gbé e fún Bi-Courtney: kí iléeṣẹ́ náà wá owó tún un ṣe, ó lé ní bílíọ̀nù 89 náírà, kó sì máa gba owó tóòlù lórí ẹ̀ fún ọdún 25 kó fi rí owó ẹ̀ padà. Lórí ìwé, ó dùn. Ìjọba ò ní ná kọ́bọ̀, ọ̀nà á dára.

20/ Ọdún mẹ́ta kọjá. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà yẹn nígbà náà ò nílò kí n sọ fún un: kòtò, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, jàǹbá. Ní November 2012, ìjọba Jonathan fagi lé àdéhùn náà. Iléeṣẹ́ ọ̀hún ò gbà, ó gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Ní July 2013, wọ́n pín iṣẹ́ náà: Julius Berger gba Èkó sí Ṣágámù, RCC gba Ṣágámù sí Ìbàdàn. Bílíọ̀nù 167 náírà.

21/ Lójú tèmi, ìyẹn jọ ire ará ìlú ju ti 1985 lọ. Ìjọba sọ ìdí tí olúkúlùkù lè fi ojú ara ẹ̀ rí. Kò sì tó ọdún kan tí ẹlòmíì fi wà lórí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo owó náà dáadáa: tẹ́lẹ̀, agbaṣẹ́ṣe ló yẹ kó wá a. Lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé e, ó ti di owó ìjọba, ìyẹn owó tiwa. Ó lè jẹ́ pé ó tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé ọ̀fẹ́ ni.

22/ Tí a bá wá fagi lé e tí a ò múra ẹjọ́ ńkọ́? Ẹ wo Ajaokuta. Lọ́dún 2004, nígbà Ọbásanjọ́, iléeṣẹ́ irin yẹn bọ́ sọ́wọ́ Global Steel, àwọn ará Íńdíà. Lọ́dún 2008, ìjọba Yar'Adua fagi lé e, wọ́n ní àdéhùn náà ò dáa fún Nàìjíríà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jàre. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ wọ òkè òkun, àwọn yẹn sì ń béèrè ohun tó lé ní bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Lọ́dún 2022, ìjọba gbà láti san mílíọ̀nù 496 dọ́là kí ọ̀rọ̀ lè parí. Nígbà tí wọ́n san án tán, ṣé Ajaokuta ń ṣiṣẹ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

23/ Kì í sì í ṣe pé a ò ní òfin. Àjọ kan wà tó ń jẹ́ ICRC, òun ló ń bójú tó iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bá gbé fún aládàáni pé kó fi owó ara ẹ̀ ṣe. Òfin tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 2005 sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣàdédé dá irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ dúró, kó fagi lé e tàbí kó yí i padà, àfi bí òfin náà bá ṣe là á sílẹ̀. "Ṣàdédé" yẹn ni kókó. Òfin ò ní kí ìjọba má ṣe é. Ó ní kó má ṣe é bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

24/ Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́rin rèé, ẹ ya á pamọ́ sórí fóònù yín. Àkọ́kọ́: kí ni ìdí, níbo ni wọ́n sì kọ ọ́ sí? "Ìjọba àná ló gbé e jáde" kì í ṣe ìdí. Tí owó bá pọ̀ jù, kí wọ́n sọ iye tó yẹ kó jẹ́. Tí iṣẹ́ ò bá dáa, kí wọ́n gbé àbọ̀ àwọn ẹnjiníà jáde.

25/ Ìkejì: èló la máa san láti kúrò nínú ẹ̀? Kí wọ́n má kàn sọ iye tí "a ti gbà là" fún wa. Kí wọ́n sọ owó gbà-máà-bínú, owó lọ́yà, àti èlé tó ń gorí owó tí ẹjọ́ bá ń falẹ̀. Ìkẹta: kí ló máa rọ́pò ẹ̀, ọjọ́ wo? Tí kò bá sí ọjọ́, a ti mọ̀ pé gọ́tà máa la ẹnu sílẹ̀.

26/ Ìkẹrin, èyí tó wà lọ́kàn mi jù: àwọn wo ló wà lẹ́yìn agbaṣẹ́ṣe? Kí wọ́n tó kà á lórí rédíò, kí wọ́n rán èèyàn lọ wọn iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀. Kí wọ́n fún àwọn tó kó nǹkan wá ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti mú rìsíìtì wọn jáde. Kí owó tó bá tọ́ sí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ dé ọwọ́ àwọn yẹn kó tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe àánú. Òkúta wọn ló wà nínú gọ́tà ìlú.

27/ Ẹ sì lè béèrè lábẹ́ òfin o. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún ìwọ àti èmi lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n fún wa ní ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. O ò nílò láti sọ ìdí tí o fi ń béèrè. O ò sì nílò láti jẹ́ lọ́yà. Lẹ́tà kan péré ni.

28/ Bàbá mi ò rí owó típà mẹ́rìnlá yẹn gbà títí dòní. Ìwé tó kọ ọ́ sí ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì ti fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀. Mò ń kọ lẹ́tà tèmi lọ́wọ́. Tí èsì bá dé, ẹ máa gbọ́. Tí èsì ò bá dé lẹ́yìn ọjọ́ méje, ẹ máa gbọ́ ìyẹn náà.

29/ Tí gómìnà yín, tàbí alága yín, tàbí mínísítà bá tún kéde pé òun ti wọ́gi lé iṣẹ́ kan nítorí ire ará ìlú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u, ẹ má sì yìn ín. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́rin yìí sábẹ́ ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá jàre. Wọ́n gbọ́ Yorùbá dáadáa nígbà tí wọ́n ń wá ìbò.